Ibùsùn Tí Ó Bá Ara Ẹni Mu

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ìlú wa)

  

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ ìwé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ni olùkọ́ yóò mú wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóòmù tí a ń sùn lé lórí ni mo mú wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ń sùn fún wákàtí mẹ́jọ lóru, ìdá kan nínú mẹ́ta ayé rẹ̀ ni ó ń lò lórí ibùsùn. Bí a bá fẹ́ ra bàtà, a ó wọ̀ ọ́ wò, a ó rìn síwá rìn sẹ́yìn kí a tó san owó. Fóòmù tí a ó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kàn ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a sì dì í sórí ọkọ̀.

Ohun méjì ni ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni ti ìyá tí ó bí mi lọ́mọ. Èkejì ni ti àwọn ibùsùn tí Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti rà fún ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìyá mi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra fóòmù kan fún wọn. Owó oṣù mi méjì ni mo kó lé e. Ó nípọn ní íǹsì 12, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń rì sínú rẹ̀ bí ó bá jókòó lé e. Nígbà tí mo gbé e dé, àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n ń kí ìyá mi pé, “Ẹ kú oríire ọmọ.” Inú mi dùn, mo padà sí ẹnu iṣẹ́ mi. Nígbàkúùgbà tí mo bá béèrè lórí fóònù pé, “Màmá, ṣé ẹ ń gbádùn fóòmù yín?” ìdáhùn wọn ni pé, “Ó dára púpọ̀, ọkọ mi. Olúwa yóò tẹ́ ibi rere fún ọ.”

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo dé sílé láìsọ tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo rọra ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi, mo sì bá wọn lórí ẹní nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù náà. Aṣọ funfun tí a tẹ́ sórí fóòmù ṣì nà gbọọrọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sùn síbẹ̀ rí. Ó dùn mí. Mo rò pé wọ́n kọ ẹ̀bùn mi ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi wọ́n léèrè, ohùn mi sì le ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyá mi wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní:

“Àkànní, má bínú. Fóòmù rẹ dára, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi mì. Bí mo bá fẹ́ yí ara padà, kò sí ibi tí mo lè fi ọwọ́ tì. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí lóru, kí n tó jàjà dìde, ó ti bọ́. Ojú ni ó ń tì mí láti sọ fún ọ, nítorí owó tí o ná.”

Oṣù mẹ́jọ ni ìyá mi fi sùn nílẹ̀ kí inú mi má ba à bàjẹ́. Ẹ̀bi ẹni tí ó ta fóòmù náà fún mi kọ́. Ẹ̀bi tèmi ni. Ohun tí ó wu ojú èmi àti ojú ará àdúgbò ni mo rà. N kò béèrè bí ìyá mi ti í sùn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Àwọn baba ńlá wa sùn lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni tìmùtìmù dé, èyí tí wọ́n ń fi koríko gbígbẹ kún, tàbí òwú inú èso igi àràbà. Ti koríko a máa gún ni lára, ìdun a sì máa fi í ṣe ilé. Òwú àràbà a máa ṣù pọ̀ bí ó bá pẹ́. Ní ọdún 1937 ni Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ṣe àwárí ohun tí a ń pè ní polyurethane, láti ara rẹ̀ sì ni fóòmù òde òní ti jáde. Ní ọdún 1962 ni a dá ilé-iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Lónìí, oríṣiríṣi fóòmù ni ó wà lọ́jà, ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti yan èyí tí ó yẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni bí ẹni tí a ń ra fóòmù fún ti í sùn. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, èjìká àti ìbàdí rẹ̀ ni ó ń ru ara. Fóòmù rẹ̀ gbọdọ̀ rọ̀ díẹ̀ kí ibi méjèèjì yìí lè wọ inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá yóò máa kú tipiri. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nílò èyí tí ó le níwọ̀nba, tí yóò gbé ìbàdí rẹ̀ ró. Ẹni tí ó ń dojú bolẹ̀ sùn nílò èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ikùn rẹ̀ má ba à rì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀. Ìrọ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú gbọdọ̀ pẹlẹbẹ. Bákan náà, fóòmù tí ó le lábẹ́ ẹni tín-ín-rín lè rọ̀ jù lábẹ́ ẹni tí ó sanra. Nítorí náà, bí tọkọtaya bá fẹ́ ra fóòmù, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọjà, kí wọ́n sì jọ dùbúlẹ̀ lé e.

Ohun kejì: ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé fóòmù tí ó le bíi pákó ni oògùn ẹ̀yìn dídùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ní ọdún 2003, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Spéìnì. Ènìyàn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́ ni a pín sí ọ̀nà méjì. A fún apá kan ní ibùsùn líle, a sì fún apá kejì ní èyí tí ó le níwọ̀nba. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tí wọ́n sùn lórí èyí tí ó le níwọ̀nba ni ara tù jù. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó dára nínú ohun gbogbo.

Bí a bá dé ilé ìtajà, kí a bọ́ bàtà, kí a dùbúlẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Owó yín ni ẹ fẹ́ ná. Kí a fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí a ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí. Bí ọwọ́ bá kọjá fàlàlà, fóòmù náà le jù fún wa. Bí ọwọ́ kò bá lè wọlé rárá, tí a sì ń tiraka kí a tó lè yí ara padà, ó rọ̀ jù. Bí ó bá wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀, ó bá wa mu.

Ohun kẹta ni ìṣirò, ẹ má gbàgbé pé olùkọ́ ni mí. Líle fóòmù yàtọ̀ sí kíki rẹ̀. Èyí tí ó ki ni ó máa ń pẹ́ kí ó tó tẹ́. Kíkì yìí ni a fi ń ka iye kílógíráàmù tí ó wà nínú mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ẹ jẹ́ kí a mú fóòmù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4, tí ó sì nípọn ní íǹsì 6. Bí a bá sọ ọ́ di mítà, ó di 1.83, 1.22 àti 0.15. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, a ó rí nǹkan bí 0.335. Bí kíkì rẹ̀ bá jẹ́ 20, ìwúwo rẹ̀ láìka èpo rẹ̀ gbọdọ̀ tó kílógíráàmù 6.7, bí ó bá jẹ́ 30, kí ó tó 10. Bí ẹnìkan bá búra fún yín pé 30 ni, tí òṣùwọ̀n sì fi 7 hàn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ohun kẹrin ni ayédèrú. Àwọn kan a máa fi àmì tí ó jọ ti ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sára èpo, tí ìwọ̀nba fóòmù wẹ́wẹ́ sì wà nínú. Kí a wo àmì MANCAP, èyí tí àjọ SON tí ń bójú tó ìjójúlówó ọjà ń fún àwọn ohun tí a ṣe nílé. Kí a gba rìsíìtì, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà fún ẹni tí a bá rẹ́ jẹ. Ní ti fóòmù àlòkù, mo bẹ̀ yín, ẹ yẹra fún un. Ìdun lè fi ara pamọ́ sínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹun, sísá a sóòrùn kò sì dájú pé yóò pa àwọn tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún.

Ohun karùn-ún ni ìtọ́jú. Kí a máa yí ibi orí sí ibi ẹsẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí pákó àkéte súnmọ́ ara wọn, nítorí fóòmù tuntun lórí pákó tí ó jìnnà síra yóò tẹ́ kí ọdún tó yí po. Kí ó má ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀n ẹ̀fọn kò fi ní lè wọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Mo ń sọ nípa àwọ̀n tí a ta fún ẹ̀fọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fóòmù a máa yára gbiná, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Àbẹ́là, àtùpà àti oògùn ẹ̀fọn tí a ń tanná ràn kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé láti ọdún 1988 ni òfin ti wà níbẹ̀ tí ó fi dandan lé e pé kí ohun tí a fi kún ibùsùn lè dènà iná dé ìwọ̀n kan.

Nísinsìnyí, mo kọjú sí Ẹgbẹ́ wa. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń wá èyí tí ó nípọn jù lọ fún ilé ìgbẹ̀bí, kí ó lè wu ojú ní ọjọ́ ìṣílé. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Aboyún nílò ibi tí ó lè ti dìde láìsí pé ènìyàn méjì fà á. Èpo fóòmù náà gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí omi kò lè wọ̀, tí a lè fi ọṣẹ àti oògùn nù. Ìkókó gbọdọ̀ ní ibi tirẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó sì le, kí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, títí yóò fi pé ọdún kan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1994 tí wọ́n ti ń kéde pé kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, iye ìkókó tí ń kú lójijì lójú oorun dín kù gidigidi. Ẹ̀mí ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ wà ní òkèèrè, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú yín fi owó ránṣẹ́ pé kí a ra fóòmù ńlá fún àwọn òbí yín. Kí owó náà tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: Báwo ni ẹ ti ń sùn? Níbo ni ó ń dùn yín bí ẹ bá jí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń dìde lóru? Bí ẹ bá jókòó sí etí ibùsùn, ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ yín ń tẹ ilẹ̀? Bí àwọn àgbà bá sì ní “Ó dára,” ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ rán ẹni tí yóò fojú rí i.

Èmi náà padà lọ sí ọjà. Mo fi tépù wọn ìyá mi láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì mú àwọn fúnra wọn lọ. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí fóòmù mẹ́rin níwájú gbogbo ènìyàn, àwọn tí ń tajà sì ń rẹ́rìn-ín. Íǹsì 6 ni wọ́n yàn, èyí tí ó le níwọ̀nba. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. A gbé e lé orí àkéte tí gíga òun àti fóòmù náà kò ju ìwọ̀n orúnkún wọn lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí kí oòrùn tó yọ, wọ́n ní, “Àkànní, mo sùn.” Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó mi.

Kí Olúwa jẹ́ kí gbogbo wa máa sùn ní àlàáfíà, kí a sì máa jí ire. Ìlú wa yóò máa tẹ̀ síwájú.