Ẹkùn Mẹ́ta Nínú Ìpínlẹ̀ Kọ̀ọ̀kan: Bí A Ṣe Ń Kó Ilé Aṣòfin Àgbà Jọ

 

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n wá ṣàlàyé bí a ṣe ń yan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọjọ́ tí a bá gbé káàdì ìdìbò lọ́wọ́ ni a ń yan sẹ́nétọ̀. Èmi wá sọ fún yín pé kí ọjọ́ náà tó pé, ọwọ́ méjì ti ṣiṣẹ́ kọjá: ọwọ́ tó fa ààlà ẹkùn ìdìbò, àti ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fa olùdíje kalẹ̀. Ohun tí ọwọ́ méjèèjì bá fi sílẹ̀ ni àwa ń dìbò lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iye wọn. Abala 48 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí sẹ́nétọ̀ mẹ́ta wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan sì wá láti Àbújá. Ìpínlẹ̀ 36 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 108. Ti Àbújá ló sọ ọ́ di 109. Ilé kejì, ìyẹn Ilé Aṣojú-ṣòfin, ní ọmọ ilé 360, iye èrò ni wọ́n sì fi pín ìyẹn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èyí tí a kà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, èrò Kánò ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ, ti Bayelsa kò sì tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Kánò ní aṣojú 24 nílé kejì, Bayelsa ní márùn-ún. Tí ó bá di ilé àgbà, mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn méjèèjì.

Àwọn kan ń sọ pé ìrẹ́jẹ ni èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àbá òfin kò lè di òfin láìjẹ́ pé ilé méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ iye èrò nìkan ni a ń wò, àwọn ìpínlẹ̀ ńláńlá á lè jókòó láàárín ara wọn, kí wọ́n sì pín ilé tán kí àwọn kékeré tó dé. Èkìtì tó ní aṣojú mẹ́fà péré nílé kejì ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta bíi ti Èkó. Ilé àgbà yìí nìkan náà ló ń yẹ orúkọ àwọn mínísítà, àwọn aṣojú wa sí ilẹ̀ òkèèrè àti adájọ́ àgbà ilẹ̀ yìí wò kí wọ́n tó gba iṣẹ́. Ó yẹ kí ohùn ìpínlẹ̀ kékeré jọ ti ńlá nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ilé aṣòfin àgbà kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Kí Nàìjíríà tó gbòmìnira, ẹkùn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọba àti ìjòyè ti ń yẹ àbá òfin wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣòfin tí ará ìlú yàn. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ló ṣe ààrẹ rẹ̀ kó tó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1960. Nígbà tí ilé àgbà àkọ́kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960 kan náà, kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀ tí ará ìlú dìbò fún. Ẹni 44 ni wọ́n: 12 láti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹkùn ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìgbà náà; mẹ́rin fún Èkó tó jẹ́ olú-ìlú; mẹ́rin tí Gómìnà Àgbà yàn lórí ìmọ̀ràn Olóòtú Ìjọba. Oyè tí Ọba Èkó jẹ ló fún un ní ìjókòó tirẹ̀ nínú mẹ́rin ti Èkó. Nígbà tí Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn dá dúró ní 1963, wọ́n di 56. Wọ́n lè dá àbá òfin dúró fún ìgbà díẹ̀, wọn kò lágbára láti pa á.

Inú ilé yẹn ni Olóyè Wúràọlá Ẹ̀san ti Ìbàdàn jókòó sí, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ́lété ní 1944, òun náà ló sì jẹ Ìyálóde Ìbàdàn nígbẹ̀yìn. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, nítorí a ṣì máa sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin.

Ìwé òfin 1979 ló gbé yíyàn wọn fún ará ìlú: ìpínlẹ̀ 19, sẹ́nétọ̀ márùn-ún láti ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 95. Ní 1992, ìpínlẹ̀ ti di 30, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú ẹnì kan fún Àbújá, ó jẹ́ 91. Láti 1999 ni a ti wà lórí 109.

Ta ló lè díje? Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 35, tó kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fa kalẹ̀. Òfin tí àwọn ọ̀dọ́ jà fún ní 2018 dín ọjọ́ orí Aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25, ó sì dín ti Ààrẹ kù láti 40 sí 35, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ti ilé àgbà. Gbólóhùn tó wúwo jù nínú àwọn ohun tí òfin béèrè ni ti ẹgbẹ́. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó lè dá díje láìní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, bí gbogbo ẹkùn tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọwọ́ ẹgbẹ́ rèé. Fún ìdìbò 2023, 20 mílíọ̀nù náírà ni ẹgbẹ́ APC ń ta fọ́ọ̀mù sẹ́nétọ̀. Ti PDP jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Owó oṣù tó kéré jù nílẹ̀ yìí nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń gbà á, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé, yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún 55 lọ kó tó lè ra fọ́ọ̀mù APC yẹn. Fọ́ọ̀mù lásán ni mo ń wí o. Kò tíì sanwó ọkọ̀, kò tíì tẹ pósítà, kò tíì rí àwọn dẹ́lígéètì tí yóò dìbò fún un nínú ìdìbò abẹ́lé. Òfin ìdìbò 2022 tó wà nílẹ̀ nígbà náà gba olùdíje sẹ́nétọ̀ láàyè láti ná tó 100 mílíọ̀nù náírà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, tí ẹ mọ ìṣòro àdúgbò yín ju ẹnikẹ́ni lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ yín kúrò nínú eré. Ó dùn mí gidigidi.

Bí ẹni kan bá sì ti jáwé olúborí nínú ìdìbò abẹ́lé, kò tíì tán. Ẹ wo Àríwá Yobe. Ní oṣù Karùn-ún 2022, Bashir Machina borí nínú ìdìbò abẹ́lé APC fún ipò sẹ́nétọ̀. Ahmad Lawan, tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà nígbà náà tó sì ti ń ṣojú ẹkùn ọ̀hún, ń du tíkẹ́ẹ̀tì Ààrẹ lọ́wọ́. Nígbà tí Lawan kò rí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gbà ní oṣù Kẹfà, orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí INEC, àjọ elétò ìdìbò. Machina gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ gíga àti ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2023, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ọ̀nà tó gbà gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá kò bá ìlànà mu, tíkẹ́ẹ̀tì sì di ti Lawan. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn kan náà ni ìdìbò wáyé, Lawan sì padà wọlé. Ará Àríwá Yobe dìbò lóòótọ́. Àwọn míì ló ti pinnu ẹni tí wọn yóò rí lórí ìwé ìdìbò.

Ọjọ́ ìdìbò gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ nira láti ṣàlàyé. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka ìbò lójú gbogbo ayé, wọ́n á kọ èsì sórí fọ́ọ̀mù EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á lẹ ẹ̀dà èsì mọ́ ibùdó. Láti ibẹ̀ ó dé wọ́ọ̀dù, ó dé ìjọba ìbílẹ̀, ó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣírò gbogbo ẹkùn. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, òfin kò béèrè ìdajì. Tí olùdíje mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá lágbára bákan náà, ẹni tí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò fẹ́ lè di sẹ́nétọ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàtakò ní ọjọ́ 21 láti gbẹ́jọ́ lọ sí ìgbìmọ̀ agbẹ́jọ́ ìdìbò; ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni òpin irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí sẹ́nétọ̀ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, gómìnà kò lè fi ẹnì kan rọ́pò rẹ̀, ìbò ni a ó tún dì. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Báyọ̀ Ọ̀ṣínówò kú ní oṣù Kẹfà 2020, ará Ìlà-Oòrùn Èkó padà lọ dìbò ní oṣù Kejìlá, Tòkunbọ̀ Àbírù sì wọlé.

Òfin tún fún ará ẹkùn ní agbára láti pe sẹ́nétọ̀ padà wálé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ló fọwọ́ síwèé, kí INEC tó ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 2018, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí. Ìwé tí wọ́n gbé lọ ní orúkọ tó lé ní 189,000; nígbà tí INEC lọ yẹ wọ́n wò ní ibùdó-ibùdó, 18,742 péré ló jáde tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò tíì sí sẹ́nétọ̀ kan tí wọ́n rí pè padà.

Àwọn wo ló wá wà nínú ilé náà? Obìnrin mẹ́ta ló wọlé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sáà kẹwàá ní oṣù Kẹfà 2023: Ireti Kingibe láti Àbújá, Ipalibo Banigo láti Ìwọ̀-Oòrùn Rivers, àti Ìdíàt Adébulé láti Ìwọ̀-Oòrùn Èkó. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹwàá, ilé ẹjọ́ dá Natasha Akpoti-Uduaghan láre lórí Àárín Gbùngbùn Kogí, wọ́n di mẹ́rin. Mẹ́rin nínú 109, ní ọgọ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn Wúràọlá Ẹ̀san! Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, àbá kan wá síwájú àwọn aṣòfin pé kí a fi ìjókòó 37 kún ilé àgbà fún obìnrin, ọ̀kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti Àbújá. Wọ́n dà á nù. Mo ti gbọ́ àwọn tó ń sọ pé kí àwọn obìnrin lọ díje bí ọkùnrin. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà lọ wo iye tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù, kó sì wo àwọn tó jókòó yí tábìlì ká nígbà tí ẹgbẹ́ ń pín tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo fi ọwọ́ tó fa ààlà sẹ́yìn nítorí òun ni a kì í sábàá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Òfin sọ pé kí INEC pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹkùn mẹ́ta. Abala 72 sọ pé kí iye èrò inú wọn sún mọ́ra tó bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Ẹ jẹ́ ká wo Èkó. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà níbẹ̀. Àárín Gbùngbùn Èkó ní márùn-ún: Àpápá, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó, Mainland àti Súrùlérè. Ìlà-Oòrùn ní márùn-ún. Mẹ́wàá tó kù, láti Mushin àti Alímòṣọ́ títí dé Àgbádárìgì, ẹkùn kan ṣoṣo ni wọ́n kó wọn sí. Nínú ìkànìyàn 2006, èrò Ìwọ̀-Oòrùn Èkó yìí ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹkùn kan, sẹ́nétọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ó ju ìlọ́po méjì gbogbo ìpínlẹ̀ Bayelsa lọ. Ọ̀rọ̀ Bayelsa ní ìdí tirẹ̀, torí ìpínlẹ̀ àti ìpínlẹ̀ ló ń dọ́gba níbẹ̀. Kí ni ìdí tí ará Alímòṣọ́ àti ará Súrùlérè, tí gómìnà kan ń ṣàkóso wọn, kò fi dọ́gba?

Ẹ sún mọ́ ilé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33. Gúúsù Ọ̀yọ́ ní mẹ́sàn-án, Àárín Gbùngbùn ní 11, Àríwá ní 13. Ìbàdàn tó ní 11 ni wọ́n là sí méjì: márùn-ún tó wà nígboro pẹ̀lú Ìdó lọ sí Gúúsù, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà lọ sí Àárín Gbùngbùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàràpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá ìgboro Ìbàdàn nínú ẹkùn kan. Àgbẹ̀ ìlú Àyétẹ̀ àti oníṣòwò Dùgbẹ̀ ń dìbò fún ẹnì kan náà, ibi tí ìbò sì pọ̀ sí ni olùdíje máa ń fojú sí. Ní apá kejì, Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú Àríwá Ọ̀yọ́ pẹ̀lú Ṣakí àti Ìgbòho, ṣùgbọ́n Ògo-Olúwa àti Súrùlérè ti Ọ̀yọ́ tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ wà ní Àárín Gbùngbùn. Ẹni tó bá ń ṣe kámpéènì láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìwájọwà yóò rin ìrìn-àjò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà Bẹ̀nẹ̀.

Ọdún 1996, lábẹ́ ìjọba ológun Sani Abacha, ni wọ́n ṣètò àwọn ẹkùn yìí kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà, ó ti dìbò lọ́pọ̀ ìgbà nínú ààlà tí àwọn ológun fà. Abala 73 fún INEC láṣẹ láti tún ààlà náà gbé yẹ̀wò, níwọ̀n ìgbà tí ọdún mẹ́wàá bá ti kọjá. Ohun tó fà á tí kò fi ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Abala 74 sọ pé àtúnṣe kankan kò lè fìdí múlẹ̀ àfi tí ilé aṣòfin méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Àwọn tí ààlà àtijọ́ gbé wọlé ni yóò dìbò lórí bóyá kí ó yí padà. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ará Ìbàràpá, ẹ̀yin ará Alímòṣọ́, ẹ̀yin ará Ṣakí, pé tí àwọn olùdíje bá tún wá kí yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè, ní gbangba àti lójú oníròyìn, bóyá wọn yóò fọwọ́ sí àtúnṣe ààlà ẹkùn tí wọ́n fẹ́ fi wọlé.