Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ilẹ̀ Mọ́

 Ọ̀rọ̀ tí a sọ nípàdé la tẹ̀ síbí fún ẹni tí kò ráyè wá.

Àwa tá a gun òkè Adó dé Ìyàkẹ̀ láìsinmi nígbà kan, pajápajá ni ẹsẹ̀ wa ń ṣe báyìí. Bí èèyàn bá ń dàgbà, iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ á máa rẹ̀. Èyí tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ ṣàárẹ̀, ìyẹn ni ti ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tẹ ẹyín iná, òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́, kò mọ ìrora kankan!

Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru ogbó. Ìtọ̀ ṣúgà ń ba iṣan jẹ́, ọtí àmujù náà ń bà á jẹ́. Gàrí ńkọ́? Láyé ọdún 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ojú wọn ń ṣú, lágbègbè Ẹ̀pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá. Lọ́dún 1998, wọ́n yẹ ará Ọ̀sọsà, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, wò: nínú 100 obìnrin ẹni ọdún 60 sí 69, bíi 24 ló ní in. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fura sí, àwọn dókítà kan ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmàlà ni tiwa lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan gàrí, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò. Ẹ má tìtorí oníbàárà kánjú.

Lálẹ́, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o pé ẹ fẹ́ kó jí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ sí Ìsẹ́yìn lọ yẹ ṣúgà wò, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó di ọjọ́ ọjà.