Iṣẹ́ Tí Ara Ń Ṣe Nígbà Tí Ọgbẹ́ Bá Wú



Bí ọ̀dọ́ kan bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìṣó, kì í pẹ́ tí ojú ibẹ̀ yóò fi pọ́n, tí yóò gbóná, tí yóò wú, tí yóò sì máa dùn ún. Celsus, ará Róòmù, ti kọ nípa àmì mẹ́rin wọ̀nyí ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn gan-an ni àrùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ara ni ó dìde láti gbèjà ara rẹ̀.

Ní kété tí awọ bá ya, ẹ̀jẹ̀ a dì láti dí ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn èyí, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó yí ibẹ̀ ká a fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ a sì ya wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń pọ́n tí ó sì ń gbóná. Omi inú ẹ̀jẹ̀ a jò sínú ẹran ara, ibẹ̀ a sì wú. Ìrora a dé, kí ènìyàn lè fún ẹsẹ̀ náà ní ìsinmi.

Láàrin wákàtí díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a dé ibẹ̀, wọn a sì máa gbé kòkòrò àrùn mì. Ní ọdún 1882, ní Messina ní ilẹ̀ Ítálì, Elie Metchnikoff ki ẹ̀gún bọ ara ọmọ ẹranko òkun kan tí ó máa ń rí bí ìràwọ̀ bí ó bá dàgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ti rọ̀gbà yí ẹ̀gún náà ká. Òun àti Paul Ehrlich ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 1908.

Lẹ́yìn ìjà yìí ni àtúnṣe. Ẹran tuntun a kún ojú ọgbẹ́, awọ a sì bò ó. Àtúntò abẹ́ àpá lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; síbẹ̀, agbára rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ti awọ àkọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe da omi bátìrì, epo ọkọ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù sí ojú ọgbẹ́. Wọ́n ń ba iṣẹ́ ara jẹ́, ìgbẹ́ sì lè kó kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì wọlé. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ dì í. Ẹni tí ìṣó gún kí ó lọ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Kí ó má dúró títí àgbọ̀n yóò fi le.

Bí wíwú bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí ọyún bá ń jáde, tàbí bí gbogbo ara bá gbóná, ìjà náà ti ju agbára ara nìkan lọ. Ẹ tètè wá dókítà. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fojú kéré ọgbẹ́ kankan, nítorí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè má mọ ìrora mọ́. Ọgbẹ́ tí kò dunni lè léwu ju èyí tí ó ń dunni lọ.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí gbogbo yín.