Ẹnu, Ìwé àti Fóònù: Òfin Ìbanilórúkọjẹ́ ní Abidjan

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò Adjamé àti Treichville, láti Ẹjìgbò ní Nàìjíríà lẹ ti gbé ohun tí ẹ mọ̀ nípa òfin wá. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ti gba tirẹ̀, òfin ọ̀hún sì ya ọ̀rọ̀ ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a kọ sílẹ̀: ẹni tí wọ́n fẹnu bà lórúkọ jẹ́ gbọ́dọ̀ fi àdánù tó bá a hàn, àfi nínú ọ̀ràn mélòó kan, bíi kí wọ́n pè é ní ọ̀daràn. Ibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Faransé ti 29 July 1881 ni gbòǹgbò tibí, ohun tó sì kọ́kọ́ ń bi èèyàn ni pé: ṣé o sọ ohun kan pàtó tí ẹnìkan ṣe, àbí ńṣe lo kàn bú u?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ àjọ kan lórí WhatsApp, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́: "Ìyá Rìsí kó owó àjọ oṣù tó kọjá jẹ, ó fi ra ilẹ̀." Ìbanilórúkọjẹ́ nìyẹn, nítorí ó ṣeé wádìí: owó wà, oṣù wà, ilẹ̀ wà. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Aláìnítìjú, ojú ẹ bí ojú òwìwí!" Èébú nìyẹn. Èmi ò mọ ẹlẹ́rìí tí wọn ì bá pè wá sọ̀rọ̀ lórí ojú òwìwí.

Ẹ óò ní, "Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?" Lábẹ́ òfin 1881 yẹn, ẹni tó sọ ọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá, Ìyá Rìsí kọ́ ni yóò fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù, ta ló ń yan ta lálè, òótọ́ gan-an ò lè gbani. Ẹni tó gbé ohùn náà lọ síbòmíràn náà ò bọ́, torí àtúnsọ wà nínú òfin.

Èyí tó ń bí mi nínú ló kù. Òfin ìwé ìròyìn Côte d'Ivoire ti 2004 mú ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ẹ̀ṣẹ̀ inú ìwé ìròyìn, ti December 2017 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì dá a padà. (Síbẹ̀, ní 2009, wọ́n rán Nanankoua Gnamantêh ti ìwé ìròyìn Le Repère lẹ́wọ̀n ọdún kan lórí àpilẹ̀kọ nípa Ààrẹ Gbagbo.) Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti June 2013 fi ẹ̀wọ̀n sí èébú tí a bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Akọ̀ròyìn tó ní ilé-iṣẹ́ àti lọ́yà lẹ́yìn, owó ìtanràn. Ìyá aláṣọ tí inú bí, tó tẹ fóònù, ẹ̀wọ̀n. Mi ò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ní 5 December 2014, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Arusha, dá ẹjọ́ Lohé Issa Konaté, olóòtú ìwé ìròyìn L'Ouragan ní Burkina Faso, ẹni tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n oṣù 12 nítorí ohun tó tẹ̀ jáde nípa agbẹjọ́rò ìjọba kan. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n náà tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù fún olóòtú, ó yẹ kó pọ̀ jù fún ìyá aláṣọ.

Kí òfin tó yí padà, bí convocation (ìwé ìpè) bá dé, ẹ má pa ohùn náà rẹ́. Adájọ́ ò gbọ́ Yorùbá. Ògbufọ̀ ni yóò sọ ọ́ di Faransé fún un. Odidi ohùn náà ni kí ẹ rí i pé ó dé ọwọ́ ògbufọ̀, kì í ṣe gbólóhùn kan tí ẹni tó pè yín lẹ́jọ́ gé mú wá.