Nígbà Tí Ojú Ewé Bá Kọ̀ Láti Ṣí: Ohun Tí Netscape Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé olóṣù mẹ́ta wa ní London

Wọ́n ní kí àwa tí a ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí a tó jẹun. A ó gbìyànjú kí ọbẹ̀ má tutù.

Inú páálí kan ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú akọ̀wé wa àtijọ́, àwọn ọmọ bàbá kó páálí náà wá fún wa. Díísìkì pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí kò lè gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Àwọn ojú ewé tí bàbá ṣe fún ẹgbẹ́ láti 1997 sí 1999 ló wà níbẹ̀: orúkọ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ owó tí oníkálukú dá, àti orúkọ àwọn tó ti lọ. Nígbà tí a ṣí wọn, àmì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan nínú wa ní, "Ó ti bàjẹ́, ẹ dà á nù." A ní ó tì o. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni a wá ṣàlàyé lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níhìn-ín nígbà náà, ẹ ó rántí Netscape. Ètò tí a fi ń wo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Tim Berners-Lee ló kọ́kọ́ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní CERN, nítòsí ìlú Geneva, ní 1990. Ní 1993, Marc Andreessen àti Eric Bina gbé Mosaic jáde ní yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rí àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀ lójú kan náà. Ní òpin 1994 ni Netscape Navigator dé, nígbà tó sì yá, ó ní lẹ́tà N ńlá tí ìràwọ̀ ń já kọjá lójú rẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń já, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bí ó bá já títí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí nǹkan kò hàn, ìgbà yẹn ni àwọn ará ilé máa ń ránṣẹ́ pè wá.

Ohun tí a kọ́ nígbà náà ni pé "kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ẹni tó ní ara òun kò yá, dókítà yóò bi í níbi tó ń dùn ún. Àwa náà ní ìbéèrè mẹ́rin, a sì máa ń bèèrè wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Ìbéèrè kìíní: ṣé ọ̀nà là? Wáyà tẹlifóònù ni ọ̀nà ìgbà yẹn. Modem á han gooro, á dákẹ́, a ó sì mọ̀ pé a ti wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gbé tẹlifóònù ní yàrá kejì, ó parí. Àwọn tí tẹlifóònù wọn máa ń ta wọ́n lólobó pé ẹlòmíràn ń pè tún jìyà jù, nítorí ìró kékeré yẹn lè já modem kúrò lójú ọ̀nà. Nílùú ọba níbí, a máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ #43#. Àwọn ẹbí wa ní Amẹ́ríkà a máa tẹ *70. Àwọn kan ti múra àtira kọ̀ǹpútà tuntun kí a tó sọ èyí fún wọn.

Ìbéèrè kejì: ṣé àdírẹ́sì tọ̀nà? Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn, kì í ṣe orúkọ. DNS ló dà bí ìwé tẹlifóònù tó ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà. Bí Netscape bá ní òun kò rí orúkọ náà nínú DNS, ó lè jẹ́ pé a ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ti já tí a kò mọ̀. A ó ní kí wọ́n gbìyànjú àdírẹ́sì mìíràn tó dá wọn lójú. Bí ìyẹn bá ṣí, àdírẹ́sì àkọ́kọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí òun náà kò bá ṣí, ẹ padà sí ìbéèrè kìíní. "404 Not Found" yàtọ̀ sí èyí. A ti dé ilé, onílé ti dáhùn, ó ní ẹni tí a ń bèèrè kò sí níbẹ̀. Modem tuntun kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ìbéèrè kẹta: ṣé ẹrù kò wúwo jù? Modem kílóbíìtì 28.8 kò lè gbé àwòrán kan tó jẹ́ kílóbáìtì 100 wọlé kí ó tó lo bí ìdajì ìṣẹ́jú. Àwòrán mẹ́wàá di nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni a ń san owó ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú nílùú ọba ìgbà náà. Oògùn rẹ̀ ni kí a pa "Auto Load Images", kí ọ̀rọ̀ nìkan máa wọlé, tàbí kí a dúró di alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ tí owó ìpè máa ń wálẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ewé á yára ṣí, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ ti gbó. Netscape máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé sínú ilé. Ọbẹ̀ àná ló gbé ka iwájú yín. Ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Reload, yóò lọ bu tuntun wá.

Ìbéèrè kẹrin: ṣé lẹ́tà náà wà? Èyí ló borí wa. Àwo lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò nígbà náà, ISO 8859-1, kò ju àyè 256 lọ. Ó ní à àti á, ó ní è àti é, nítorí àwọn èdè Yúróòpù nílò wọn. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí a ti wù kí a tẹ Reload tó, lẹ́tà tí kò sí nínú àwo kò lè hàn.

Kí wá ni àwọn ènìyàn wa ṣe? Àwọn kan ní bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n kọ e dípò ẹ, o dípò ọ. Ọkọ tó fẹ́ni, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a wọ̀ àti ọ̀kọ̀ ogun, gbogbo wọn di "oko". Àwọn mìíràn ṣe lẹ́tà àdáni: wọ́n ya àwòrán ẹ sórí àyè àmì mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní lẹ́tà àdáni náà, Yorùbá gidi lẹ ó rí. Lórí èyí tí kò ní i, àmì tó ni àyè náà ló máa yọjú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ díísìkì bàbá nìyẹn. Wọn kò bàjẹ́. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ni a kò ní nílé mọ́.

Unicode ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, nígbà tó sì fi di 1993, ẹ, ọ àti ṣ ti ní àyè tiwọn nínú rẹ̀. Àwa àti àwọn ará Vietnam la jọ ń lo ẹ àti ọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo títí di òní: ẹ ni, a sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Bí kọ̀ǹpútà bá sì fi àwo àtijọ́ ka ìwé tuntun, ṣ á di á¹£, ẹ á di áº¹. Bí ẹ bá rí àmì pọ́n-ùn nínú orúkọ ènìyàn, kì í ṣe pé ó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè o.

Netscape ti kógbá wọlé. Ní oṣù kẹta 2008 ni àwọn tó ni ín dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún un. Ẹ má ṣe wá a wọ íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Kò mọ kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń tilẹ̀kùn báyìí. Àmọ́ wọ́n ti fi iṣẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1998, láti ibẹ̀ sì ni Firefox ti wá ní 2004. Àwọn ètò òde òní ṣì lè ṣí ojú ewé bàbá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Àkọ́kọ́, a ṣe ẹ̀dà, a kò sì kọ nǹkankan lé ti bàbá lórí. Ìkejì, bí a bá rí á¹£ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwo lẹ́tà la ń yí padà. Nínú Firefox, "Repair Text Encoding" lè ṣe é. Ìkẹta, bí ó bá jẹ́ lẹ́tà àdáni, a ó wá ọ̀rọ̀ tó dájú pé ó wà níbẹ̀. "Ẹgbẹ́" kò ní ṣàìsí nínú ìwé ẹgbẹ́. Àmì tó bá yí g àti b ká ló ń jẹ́ ẹ. Láti ibẹ̀ a ó máa tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìkẹrin ló gbé wa wá síwájú yín. Ohun tí wọ́n kọ láìsí àmì rárá, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe. A rí ìlà kan nínú ìwé owó ilé ìpàdé: "Owo 20". Àwa kà á sí owó, pọ́n-ùn ogún. Màmá kan wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, Ọ̀wọ̀ ni. Àwa ogún ará Ọ̀wọ̀ la wá lọ́jọ́ náà." Bí màmá kò bá sí níbẹ̀, ogún ènìyàn ì bá di pọ́n-ùn ogún nínú ìtàn wa.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta la ní. Ẹ má da díísìkì àtijọ́ nù. Ẹ kó wọn wá. Ẹni tó bá rántí àdírẹ́sì ojú ewé àtijọ́, kí ó kọ ọ́ fún wa. Ní 2009 tí wọ́n ti GeoCities pa, ojú ewé àwọn ènìyàn púpọ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n Internet Archive ti ń ṣa ẹ̀dà ojú ewé jọ láti 1996, a lè rí tiwa níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ fún wa ní wákàtí kan lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan. A ó máa ka orúkọ, ẹ ó máa sọ bí wọ́n ṣe ń pè é, a ó sì kọ ọ́ tàmì-tàmì.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ti àwọn tó ṣíwájú wa já.

Oúnjẹ ti yá.