Ìnṣọ́ránsì àti Ìlọsíwájú Ọrọ̀ Ìlú



Àwọn kan nínú wa a máa wí pé ẹni tí ó bá san owó ìnṣọ́ránsì kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run mọ́. Àwa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ẹni ọ̀wọ̀ ni àwọn tí ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí ró.

Ní Skọ́tíláǹdì àtijọ́, ilé ìjọ ni àlùfáà ń gbé. Bí ó bá kú, opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ a jáde kúrò nínú rẹ̀. Robert Wallace àti Alexander Webster, àlùfáà ní ìlú Edinburgh, jókòó ti ọ̀ràn náà. Wọ́n wádìí káàkiri ìjọ, wọ́n ka òkú, wọ́n ka opó, wọ́n ka ọmọ òrukàn. Colin Maclaurin, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìṣirò, sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n rí i pé nínú 930 àlùfáà, nǹkan bí 27 ni yóò máa kú lọ́dọọdún, 18 nínú wọn yóò sì fi opó sílẹ̀. Orúkọ àwọn 27 náà, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n; iye wọn ni ènìyàn lè mọ̀. Ní ọdún 1744, ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ètò náà di òfin. Àlùfáà a máa san owó lọ́dọọdún bí agbára rẹ̀ ti mọ, opó rẹ̀ a sì máa gba £10 títí dé £25 lọ́dún.

Níhìn-ín ni ó ti kan ọrọ̀ ìlú. Bí a bá kó àjọ tán, ó parí. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná kò lè gbà ju iye tí òun fúnra rẹ̀ dá lọ. Àwọn àlùfáà wọ̀nyí kò pín gbogbo owó wọn tán. Wọ́n ń yá a jáde, èlé rẹ̀ sì ń bọ́ opó. Báyìí ni owó kékeré ènìyàn púpọ̀ fi di owó ńlá tí ó lè dúró pẹ́, irú èyí tí a fi ń kọ́ ilé tí a sì fi ń la ọ̀nà. Oníṣòwò tí ó mọ̀ pé iná kò lè sọ òun di alágbe kò ní kó ìdajì owó rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ibi. Yóò fi ra ọjà sí i.

Ní ọdún 1921 ni Royal Exchange Assurance ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Síbẹ̀, gbogbo owó ìnṣọ́ránsì tí Nàìjíríà ń san lọ́dún kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí ìlú ń pèsè. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn ará ìlú nìkan. Ẹni tí ó fi ẹ̀rín gba owó lónìí, tí ó wá ń béèrè ìwé lórí ìwé lọ́wọ́ opó lọ́la, òun ni ó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù. Òfin tí a fọwọ́ sí ní 2025 wí pé ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí gbọ́dọ̀ ní olú-owó ₦10 bílíọ̀nù, kí agbára àtisan má baà wọ́n wọn.

Ọ̀pọ̀ àlùfáà tiwa náà ń gbé ilé ìjọ. Kí àwọn alàgbà bi ara wọn léèrè, ní ìpàdé tí ń bọ̀, ibi tí aya wọn yóò kó sí.