Páìpù Rọ́bà Tí A Ó Fi Kọ́ Aṣọ Àwọn Ọmọ Òrukàn

  

Inú àpò ìrẹsì ni aṣọ tí ẹ fi ń tọrẹ ń wà títí di ọjọ́ tí a ó pín in. Ẹ sì mọ ọ̀rinrin Festac àti Amùwò-Ọ̀dọ́fin: aṣọ tó bá pẹ́ nínú àpò á ní ebu, á máa rùn. Èyí tó dùn wá jù ni pé a ó dà á sílẹ̀, àwọn ọmọ á máa bẹ̀rẹ̀ ṣà á bí ẹni ń ṣa bosikọ́nà. Ọmọ ọdún 13 tí bàbá rẹ̀ ti kú kò fẹ́ kí àdúgbò wo òun bẹ́ẹ̀. Tí aṣọ bá wà lórí hángà, yóò dúró, yóò nà án wò, yóò mú èyí tó wù ú.

Ìṣó lára ògiri kọ́, onílé kò ní gbà. (Àwọn àlejò àjọ̀dún 1977 ni wọ́n kúkú kọ́ Festac fún, kì í ṣe ẹrù.) Irin wọ́n, ó sì ń dípẹtà sára aṣọ funfun. Ìdí nìyí tí a fi mú páìpù rọ́bà.

Páìpù omi tó nípọn, oníínṣì kan, ni kí ẹ rà ní Agbójú tàbí ọjà Ọdúnadé ní Orílé. Ẹ má gba èyí fẹ́lẹ́ tí àwọn oníná ń ki wáyà sí. Ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà kan-kan mẹ́rin fún ìdúró, ínṣì 6 méjì, ẹsẹ̀ bàtà 4 méjì fún òpó, àti ẹsẹ̀ bàtà 4 méjì fún ọ̀pá òkè àti ti ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 21, pẹ̀lú ẹ́líbò 2, tíì 4 àti ìdérí 4.

Ẹ to gbogbo rẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i ná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Gọ́ọ̀mù páìpù ń yọ́ ojú rọ́bà méjèèjì ni, wọ́n á di ọ̀kan. Bó bá ti mú, ó di kí a gé e. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí iná àti ọmọdé jìnnà sí i. Ẹ rọ iyanrìn gbígbẹ sínú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó dé e, kí atẹ́gùn má baà bì í ṣubú. Ẹ́líbò òkè ní tirẹ̀, skúrúù ni kí ẹ fi dè é, kí a lè tú u sínú búùtù mọ́tò.

Àwọn kan ní kí ọ̀pá òkè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8. A kò gbà. Tí gígùn bá di ìlọ́po méjì, ẹrù kan náà yóò tẹ̀ ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe méjì dípò rẹ̀, kí a sì ki igi sínú ọ̀pá òkè. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú oòrùn, yóò máa fọ́.

Aṣọ tí àwa fúnra wa kò lè wọ̀ lọ sí Yídì, ẹ má gbé e kọ́ síbẹ̀. Owó sàráà ni a ó fi ra páìpù, a kò ní yọ kọ́bọ̀ nínú sàká. Ẹni tí páìpù ṣẹ́kù sí níbi ilé tó ń kọ́, kí ó gbé e wá lẹ́yìn Jímọ̀, a ó wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀.